Òpó Adúró àti Òpó Apòòyì: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dì Mú?

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ijó orí òpó (pole dance) ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí máa ń bi mí, kò sí èyí tí mo ń gbọ́ tó eléyìí: ṣé òpó tí kì í yí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, àbí èyí tó ń yí? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń gbé àdúgbò Under G ń béèrè rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ tó fẹ́ kí ara òun padà le lẹ́yìn ìbímọ náà ń béèrè rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹ fi èyí tí kì í yí bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù kí ẹ tó fọwọ́ kan ìkejì. Bí owó bá wà láti ra òpó, èyí tó lè ṣe méjèèjì ni kí ẹ rà, bí ilé yín bá gbà á. Ọ̀rọ̀ ilé yẹn wúwo ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Òpó adúró ni mo máa pe àkọ́kọ́, òpó apòòyì ni mo máa pe ìkejì. Bí ẹ bá wò wọ́n lókèèrè, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo. Irin roboto tó ń dán ni méjèèjì, wọ́n dúró láti ilẹ̀ dé àjà. Inú ni ìyàtọ̀ wà: òpó apòòyì ní bíárìn tó ń jẹ́ kí irin náà yí pẹ̀lú ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú àwọn òpó tí wọ́n ń ṣe fún ilé lóde òní ló ní ibi tí wọ́n ti ń dè é. Ẹ fi álíńkíì, irin kékeré tí wọ́n fi ń yí bóòtù, dè é, ó di adúró. Ẹ tú u, ó di apòòyì.

Lórí òpó adúró, ẹ̀yin lẹ ń yí

Ẹ jẹ́ ká mú àyípo kan tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fireman spin. Òpó wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín. Ọwọ́ ọ̀tún dì í mú lókè ju orí lọ, ọwọ́ òsì dì í mú ní ìwọ̀n àyà. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé ìgbésẹ̀ sí ẹ̀bá òpó, ẹ fì ẹsẹ̀ òsì yípo wá síwájú, ẹ fò díẹ̀, kí ẹ sì fi orúnkún méjèèjì há òpó náà mọ́ àárín. Ara ń yí, irin dúró síbi tó wà. Gbogbo agbára tí ẹ ó fi yí, inú ìgbésẹ̀ yẹn àti ẹsẹ̀ tí ẹ fì yẹn ló ti wá. Bí ìgbésẹ̀ bá kúrú, ẹ ó kàn rọ̀ mọ́ irin ni, kò síbi tí ẹ ń lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀ ni kí ẹ kíyè sí. Bí ara ṣe ń yí, àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ máa yọ̀ yí irin ká díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dì í mú pinpin, awọ ọwọ́ rẹ̀ á lọ́ mọ́ irin, á máa ta á, àyípo náà á sì dúró lójijì. Ẹni tí ìdìmú rẹ̀ bá dẹ̀, á yọ̀ wálẹ̀. Àárín méjèèjì yẹn ni òpó adúró ń kọ́ni, kò sì sí bí ẹnu ṣe lè kọ́ ọ yín. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ ń ti irin kúrò, ọwọ́ òkè ń fà á mọ́ra, èjìká wà nílẹ̀, kò sún mọ́ etí. Àwọn tó bá sáré fo ibi yìí, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ wọn ló ń san gbèsè rẹ̀ tó bá yá.

Oore kejì tó ń ṣe ni pé àyípo rẹ̀ máa ń tán. Irin àti awọ ń dí ara wọn lọ́wọ́, nítorí náà lẹ́yìn àyípo kan tàbí méjì ẹ ti balẹ̀. Ẹ ráyè mí, ẹ ráyè tún ọwọ́ mú, ẹ tún gbé e. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le, ìsinmi kékeré yẹn ló ń jẹ́ kó lè ṣe é léraléra kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Gígun òpó, jíjókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú itan láìfọwọ́ kàn án, dídorí kodò, gbogbo àwọn nǹkan wọ̀nyí dára kí èèyàn kọ́ níbi tí nǹkan kan kò ti ń sún lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò ní ìyà tirẹ̀. Itan, ojúgun àti òkè ẹsẹ̀ á dúdú, á máa ro yín, pàápàá níbi tí ẹ fi ń há òpó nígbà tí ẹ bá ń gùn ún. Ìyẹn máa ń lọ bí awọ bá ti ń mọ́ ọn lára. Ìrora inú ọrùn ọwọ́, inú ìgbọ̀nwọ́ tàbí inú èjìká kò sí lára ìyẹn o. Bí oríkèé bá ń dun yín, ẹ sinmi. Ọ̀fìn kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń kó sí láìmọ̀: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń kọ́, torí ibẹ̀ ló rọrùn. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe lọ́tùn-ún, ẹ ṣe é lósì, ì báà jẹ́ pé kò dára lójú.

Lórí òpó apòòyì, irin ló ń gbé yín

Ẹ fi ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, òpó ti gbà á lọ́wọ́ yín, ó ń gbé yín lọ. Ọwọ́ ò yọ̀, awọ ò lọ́. Ẹni tí kò tíì ní agbára ìgbésẹ̀, ẹni tó sanra tó sì ṣòro fún láti ju ara rẹ̀ yípo, á rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òun náà ń yí. Ayọ̀ tó wà nínú ìyẹn kì í ṣe kékeré, mi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tó ń fi du akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù rẹpẹtẹ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í tètè dúró. Bí ó ṣe ń yí, ara fẹ́ fò síta, ẹ sì ní láti máa fà á padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi wà lókè. Ọwọ́ kò sinmi, ikùn kò sinmi. Ìdúró kan tí ẹ ń ṣe wẹ́rẹ́ lórí adúró lè mú kí apá yín máa gbọ̀n lórí apòòyì, ohun kan náà sì ni ẹ ṣe.

Ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ìwúwo ara bá sún mọ́ àárín òpó, yíyí á yára; bí ó bá jìnnà sí i, yíyí á falẹ̀. Àwọn tó ṣe físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì á rántí angular momentum, òun náà nìyẹn. Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní LAUTECH gun apòòyì nígbà àkọ́kọ́ níwájú mi. Ó fi itan há òpó dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú. Bí eré ṣe wọ̀ ọ́, ẹ̀rù bà á, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó fi apá méjèèjì gbá òpó mọ́ra. Òpó wá sáré sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí!"

Mo ní, "Na ẹsẹ̀ rẹ! Nà án síta!"

Kò kọ́kọ́ ṣe é, torí ohun tí ẹ̀rù ń sọ fún un yàtọ̀ sí ohun tí mò ń sọ. Ìgbà tó wá na ẹsẹ̀ òsì síta tán pátápátá, òpó rọlẹ̀, ó sì lè sọ ìka ẹsẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kí ẹ tó gun apòòyì rárá nìyẹn: ohun tí ìbẹ̀rù máa ní kí ẹ ṣe, òdì kejì rẹ̀ ló máa gbà yín. Ẹ má sáré fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ nígbà tí òpó ṣì ń sáré, ọrùn ẹsẹ̀ lè yẹ̀. Ẹ na ara síta kó falẹ̀ ná, kí ẹ tó sọ̀.

Òòyì ńkọ́? Yóò kọ́ yín. Omi kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ọpọlọ bí orí ṣe ń yí; bí ẹ bá dúró tán, omi náà kò tíì dúró, ìdí nìyẹn tí ilé fi máa ń yí lójú ẹni. Ẹ má pa ojú dé, ìyẹn ń bà á jẹ́ sí i ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ tẹjú mọ́ ohun tó ń bá yín yí, bí ọwọ́ yín tàbí òpó fúnra rẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ògiri tó ń kọjá. Ẹ ṣe é ní ṣókí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tún padà. Ẹ má jẹ àmàlà tán kí ẹ wá gun apòòyì. Bí ó bá di alẹ́, ẹ tan iná alábátìrì sílẹ̀ kí ẹ tó gùn ún, torí bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń yí lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ẹni tó ní àìsàn etí, ẹni tí òòyì máa ń kọ́ láìnídìí, aláboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí wọ́n rí dókítà ná. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Bowen àti ti LAUTECH wà láàárín ìlú, a ò jìnnà sí dókítà.

Ọyẹ́, òógùn, àti òrí

Awọ ara ló ń di òpó mú, ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò péńpé fi jẹ́ aṣọ iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, awọ gbogbo wa níbí máa ń gbẹ funfun, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wa sì ń lọ síbi rẹ̀ ni òrí. Òrí dára fún awọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi para lọ́jọ́ tí ẹ máa gun òpó. Ẹ fi í para lálẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe tán. Òróró díẹ̀ tó bá kù lára itan á lẹ̀ mọ́ irin, ẹni tó bá gùn ún tẹ̀lé yín náà á yọ̀. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ àti sípírítì nu òpó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín rẹ̀.

Níbi ọyẹ́, òpó adúró ló ń fìyà jẹni jù, torí awọ gbígbẹ kò lẹ̀ mọ́ irin, ìgbésẹ̀ tí ẹ bá fi agbára gbé á sì ju yín sọnù. Ẹ mú ara gbóná dáadáa títí òógùn fẹ́ẹ́rẹ́ á fi yọ. Bí òjò bá wá dé tí afẹ́fẹ́ tutù fún omi, ọ̀rọ̀ yí padà: apòòyì ló ń le, torí ọwọ́ tó ń làágùn ní láti dì í mú pẹ́. Ẹfun tí àwọn eléré ìdárayá ń fi pa ọwọ́, èyí tí wọ́n fi magnesium carbonate ṣe, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Páúdà ọmọ ò ràn án lọ́wọ́, ṣe ló ń mú un yọ̀.

Irin náà ní irú rẹ̀. Kóróòmù ló wọ́pọ̀ jù. Idẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó ń làágùn ju kóróòmù lọ, nítorí náà ó bá ojú ọjọ́ wa mu. Irin tí kì í dípẹtà, stainless, dára fún ẹni tí nickel ń bá awọ ara rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ̀ díẹ̀.

Ẹni tí kò ní ṣí ara sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ obìnrin nílùú yìí, mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ, fẹ́ kọ́ ọ, wọn ò sì fẹ́ wọ péńpé, kódà láàárín obìnrin nìkan. Òpó kan wà tí wọ́n fi silicone, irú rọ́bà kan, bò, aṣọ gígùn ni wọ́n fi ń gùn ún, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ gan-an. Níbí yìí ìmọ̀ràn mi yí padà. Silicone ń lẹ̀ débi pé ara ò lè yọ̀ yí i ká, nítorí náà àyípo orí adúró kò ṣeé ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Ẹ dè é nígbà tí ẹ bá ń kọ́ gígun àti jíjókòó, kí ẹ tú u nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí. Ẹni tó bá yan irú èyí, kí ó má ra èyí tí kì í yí rárá.

Ilé yín ló máa sọ púpọ̀

Òpó tí wọ́n ń tà fún ilé, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ilẹ̀ àti àjà. Ohun tó gbé e dúró ni pé àjà kò sún. Nínú ilé onípáànù tí wọ́n fi pákó tàbí PVC ṣe sílìn rẹ̀, kò sí ohun tó máa dì í mú: bí ẹ bá ń fún un, á gún sílìn jáde lókè, tàbí kó dúró bí ẹni pé ó le, kó sì ṣubú lọ́jọ́ tí ẹ bá gùn ún. Kọ́nkéré ló gbà á. Nínú hósítẹ́ẹ̀lì onípẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Under G tàbí Adénìkẹ́, yàrá ìsàlẹ̀ ní kọ́nkéré lórí, yàrá òkè pátápátá sábà máa ń jẹ́ sílìn lásán. Ẹ kan àjà wò kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní kọ́nkéré lè ra òpó onípèpéle, tó dúró lórí ìdí irin tó wúwo tí kò sì kan àjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe adúró àti apòòyì. Ó máa ń mì díẹ̀, ó sì fẹ́ ààyè. Àgbàlá tàbí gbọ̀ngàn dára fún un ju yàrá lọ.

Ọ̀nà kẹta ni kí wẹ́dà fi páìpù ṣe é fún yín, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń rò ó torí owó. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí. Òpó 45 milimita ni wọ́n ń lò jù lágbàáyé. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù omi onírin, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè kì í ṣe ìwọ̀n ara rẹ̀ lóde: íńṣì kan àti ààbọ̀ jẹ́ milimita 48.3 lóde, íńṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ 42.4. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré á gbádùn 42.4, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi lè fara mọ́ 48.3. Páìpù dídán tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ àtẹ̀gùn ilé, ẹ má lò ó. Ó fani mọ́ra lójú, ara rẹ̀ sábà máa ń fẹ́lẹ́, ó lè tẹ̀ tí ìwúwo èèyàn bá fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ́nkéré bá yín fi bóòtù de orí àti ìdí rẹ̀, kí wẹ́dà sì lọ ojú ibi tó jó títí yóò fi dán, kó má baà ya ara yín.

Adúró nìkan ni kí wẹ́dà ṣe fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun á wá bíárìn kan fi sí i kó lè máa yí, ẹ sọ pé ó ti tó. Bíárìn inú òpó apòòyì ń gbé ìwúwo láti òkè, ó tún ń gbé ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́, èèyàn tó dorí kodò ló sì wà lórí rẹ̀. Bí owó apòòyì kò bá tíì tó, ẹ fi adúró ṣiṣẹ́ ná, kò sí ohun tí ẹ pàdánù. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, fóòmù tó nípọn ní láti wà ní ìdí òpó láti ìgbà tí ẹ bá ti ń dorí kodò.

Bí ẹ bá ń rò ó dé ìdíje

Àwọn òbí máa ń bi mí pé kí ni ọmọ àwọn fẹ́ fi ijó ilé ọtí ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn ará Íńdíà ń gun òpó onígi nínú eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní mallakhamb, àwọn ará Ṣáínà sì ń gun òpó nínú sáàkọ́ọ̀sì wọn, àwọn ọkùnrin sì pọ̀ nínú wọn. Adúró ni àwọn yẹn. Ẹgbẹ́ International Pole Sports Federation, IPSF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní London ní 2012, GAISF, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá àgbáyé pọ̀ nígbà náà, sì fún un ní ipò alákìíyèsí ní 2017. Òpó méjì ló ń wà lórí pèpéle wọn, adúró kan, apòòyì kan, eléré sì gbọ́dọ̀ lo méjèèjì. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ kò tíì ṣe tán fún ibẹ̀.

Ìgbà wo wá ni kí ẹ tú òpó?

Mi ò fi oṣù wọ̀n ọ́n, torí ara kì í ṣe ọgba. Ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá lè gun òpó adúró dé nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ láìyọ̀, bí ẹ bá lè jókòó sórí itan kí ẹ ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, bí ẹ bá sì lè ṣe méjèèjì lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ tú u. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lórí apòòyì, ẹ má kọ́ nǹkan tuntun kankan. Ẹ gùn ún, ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ síta, ẹ kó o mọ́ra, kí ara mọ bí eré ṣe ń wá àti bí ó ṣe ń lọ. Dídorí kodò lórí apòòyì di ìgbà tí ẹ bá ti lè ṣe é lórí adúró láìfò, láìju ẹsẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ máa pín in. Mo fẹ́ràn kí èèyàn fi adúró bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì le, kí ó wá fi apòòyì parí, kí ó má sì gun apòòyì rárá nígbà tí ọwọ́ bá ti rẹ̀ ẹ́ tán. Níbi tí ẹ̀yin púpọ̀ bá ti ń lo òpó kan náà, ẹni tó lò ó ṣáájú yín lè ti tú u, kó má sì sọ. Kí ẹ tó fò mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú ní ìwọ̀n àyà, ẹ lọ́ ọ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ mọ̀ bóyá ó dè tàbí kò dè.